Ọkọ̀ Tí Wọ́n Fi Ṣẹ̀fẹ̀: Ìtàn Àwọn Mọ́tò Tí Wọ́n Sún Ẹsẹ̀ Wọn Ní Ọdún 1965

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1965, àwọn awakọ̀ díẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gba mọ́tò tuntun lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Chrysler. Ẹni tó bá wo mọ́tò náà láti iwájú yóò sọ pé Dodge tàbí Plymouth lásán ni, irú èyí tí olùkọ́ tàbí akọ̀wé báńkì ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá yí sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, ẹnu yóò yà á. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀, ó ti sún wá síwájú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ iwájú pẹ̀lú ti sún síwájú, bí ẹni pé ó fẹ́ sá kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Ìdí mọ́tò wá yọ gbọọrọ sẹ́yìn, kò sí ohun tó gbé e ró. Àwọn ènìyàn rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọkọ̀ apanilẹ́rìn-ín ni, Funny Car. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ náà ló di orúkọ. Títí di òní olónìí, Funny Car ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ìsọ̀rí tó ga jù lọ nínú eré ìje ọkọ̀ ní ilẹ̀ náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn tí a mú wá lónìí jẹ́ ìtàn mọ́tò, ṣùgbọ́n ìtàn òfin ni pẹ̀lú. Ó sọ bí àwọn tó ń ṣòfin àti àwọn tó ń wá ojú ihò òfin ṣe wọ ìjàkadì fún ọdún méjì, bí èrò ìwòran ṣe dá ẹjọ́ náà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rò, àti bí ohun tó yẹ kí òfin kọ́kọ́ dáàbò bò ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé láàárín ariwo.

Ibi tí eré náà ti ṣẹ̀

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a mọ irú eré tí à ń sọ. Drag racing ni wọ́n ń pè é. Kò dà bí eré ìje tí ọkọ̀ ogún tàbí ọgbọ̀n ti ń yí pápá po fún wákàtí púpọ̀. Ọkọ̀ méjì péré ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà tó tẹ́ gbọọrọ. Bí wọ́n bá ti fún wọn ní àmì, àwọn méjèèjì yóò ta síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà náà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, ìyẹn 1,320 ẹsẹ̀ bàtà, nǹkan bíi mítà 402. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló borí. Kò sí kọ́nà, kò sí ibi tí ẹni tó ti ṣìṣe yóò ti rí ààyè ṣàtúnṣe. Ní àkókò tí à ń sọ yìí, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni eré náà gbilẹ̀, pàápàá jù lọ ní ìpínlẹ̀ California. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ojú ogun dé ti mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Mọ́tò àtijọ́ pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Àwọn pápá bàlúù tí ológun kò lò mọ́ sì wà nílẹ̀ gbalasa. Ṣùgbọ́n ojú títì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń sáré, tí ọlọ́pàá sì ń lé wọn káàkiri. Wally Parks, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Hot Rod, dá ẹgbẹ́ National Hot Rod Association sílẹ̀ ní 1951, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí NHRA. Ohun tó fẹ́ ni kí eré náà kúrò lójú títì, kí ó ní ìlànà, kí ó sì ní ààbò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ẹgbẹ́ yìí kan náà ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọkọ̀ wa tó bá yá.

Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò fi rí i pé ọkọ̀ tó bá gbégbá orókè lópin ọ̀sẹ̀, òun ni àwọn oníbàárà yóò wá béèrè bí ọ̀sẹ̀ tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í da owó àti ọgbọ́n sínú àwọn ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní Super Stock àti Factory Experimental. Kókó àwọn ìsọ̀rí wọ̀nyí ni pé ọkọ̀ tó ń díje gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbátan tòótọ́ fún ọkọ̀ tí ará ìlú lè fi owó rà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1963, ilé iṣẹ́ General Motors pàṣẹ pé kí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ yọwọ́ nínú eré ìje. Ó wá ku Ford àti Chrysler tí wọ́n kojú ara wọn. Ní 1964, Ford gbé Fairlane Thunderbolt jáde, wọ́n ti ẹ́ńjìnnì ńlá bọ inú ọkọ̀ tí kò tóbi. Chrysler fi ẹ́ńjìnnì Hemi dá a lóhùn, ẹ́ńjìnnì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi lítà méje. Agbára ti dé. Wàhálà tó kù ni bí agbára yẹn yóò ṣe kan ilẹ̀.

Ìwúwo àti ilẹ̀

Ẹ wo ọlọ́kadà tó gbé èrò méjì sẹ́yìn. Bí ó bá fa tọ́tù lójijì, ẹsẹ̀ iwájú a fẹ́ gbéra nílẹ̀, àwọn èrò a sì di ara wọn mú. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò. Bí mọ́tò bá ta síwájú, ìwúwo rẹ̀ a wọ́ sẹ́yìn. Ní ti àwọn ọkọ̀ tí à ń sọ, táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Bí ìwúwo bá tẹ táyà yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa, yóò gbá ilẹ̀ mú, ọkọ̀ yóò sì fò síwájú bí ọfà. Bí ìwúwo kò bá tó lórí rẹ̀, táyà yóò máa yí lásán lójú kan, èéfín yóò bo ibẹ̀, ẹni ẹ̀gbẹ́ yóò sì ti lọ.

Irin ni wọ́n fi rọ Hemi, ó wúwo, iwájú ló sì wà. Táyà ìgbà náà kò fẹ̀ tó ti òde òní, òfin sì tún dín fífẹ̀ rẹ̀ kù. Nítorí náà, ìbéèrè tó wà níwájú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni pé: báwo ni ìwúwo yóò ṣe pọ̀ sí i lórí táyà ẹ̀yìn? Wọ́n gbé bátìrì kúrò níwájú, wọ́n fi sínú bùútù. Wọ́n yọ ohunkóhun tó bá ṣeé yọ níwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ Chrysler kan tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Ramchargers sílẹ̀ ti gbìyànjú ọgbọ́n mìíràn ní ìparí àwọn ọdún 1950. Wọ́n mú Plymouth ọdún 1949 kan, wọ́n gbé e sókè gan-an lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ìwúwo lè tètè dà sẹ́yìn bí ó bá gbéra. High and Mighty ni wọ́n sọ ọ́. Ó burẹ́wà, ṣùgbọ́n ó sáré.

Ọ̀nà kan tún kù. Ẹni tó bá ti ti bárò rí ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé mọ̀ ọ́n dáadáa: bí ẹrù bá jìnnà sí táyà bárò, apá ni yóò gbà á, bí ẹrù bá bọ́ sórí táyà gan-an, táyà ni yóò gbé e. Bí ẹrù kò bá wá ṣeé gbé lọ bá táyà, a lè gbé táyà wá bá ẹrù. Èyí ni gbogbo àṣírí ọkọ̀ tí wọ́n sún ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá sún síwájú, ara ọkọ̀ tó pọ̀ yóò bọ́ sórí rẹ̀ àti sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá sún síwájú pẹ̀lú, ìwúwo tó wà lórí rẹ̀ yóò dín kù. Kò gba ẹ́ńjìnnì tuntun rárá.

Láti ìdá méjì dé ínṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Àwọn tó ń ṣòfin kò ṣàìmọ̀. NHRA ti sọ pé àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí ti ọkọ̀ tó jáde nílé iṣẹ́. Fún Plymouth tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ ínṣì 116, èyí kò ju ínṣì méjì àti díẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí àṣìṣe kékeré má ba ọjọ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí: ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àṣìṣe ni ọlọ́gbọ́n yóò kọ́kọ́ fi ṣe ilé. Ní 1964, Chrysler lo ìdá méjì yẹn tán pátápátá, wọ́n sún ẹsẹ̀ ọkọ̀ dé ibi tí òfin ní kí wọ́n dúró sí. Dick Landy, awakọ̀ láti California, kò dúró níbẹ̀. Ó sún ẹsẹ̀ Dodge tirẹ̀ kọjá ààlà, ó sì ń gbé e lọ sí àwọn pápá tí ẹnikẹ́ni kò ti ní wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí 1965 ń bọ̀, Chrysler pinnu láti ṣe é ní gbangba. Tom Hoover, ọ̀gá nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe ìtọ́jú Hemi, wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ náà. Wọ́n sún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn síwájú pẹ̀lú ínṣì 15, wọ́n sún ẹsẹ̀ iwájú síwájú pẹ̀lú ínṣì 10. Ilé iṣẹ́ Amblewagon ní ìpínlẹ̀ Michigan ni wọ́n gbé gígé àti jíjó irin náà fún. Iṣẹ́ ńlá ni. Wọ́n gé ilẹ̀ inú ọkọ̀, wọ́n fà á síwájú, wọ́n sì tún un jó pọ̀. Wọ́n di ojú ihò táyà àtijọ́, wọ́n sì gé òmíràn síwájú rẹ̀. Wọ́n ri ara irin ọkọ̀ náà bọ inú ásíìdì títí tó fi fẹ́lẹ́, kí ó lè fúyẹ́. Ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti àwọn abala iwájú, fiberglass ni wọ́n fi ṣe wọ́n.

Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe báyìí kò ju bíi méjìlá lọ, wọ́n pín wọn láàárín Dodge àti Plymouth. Àwọn tó gbà á kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ náà: Ramchargers fúnra wọn, Landy, Roger Lindamood, Dave Strickler, Ronnie Sox àti ẹnìkejì rẹ̀ Buddy Martin, Butch Leal, Tommy Grove, àti ẹgbẹ́ Golden Commandos.

Ilẹ̀kùn tì, ọ̀nà mìíràn ṣí

NHRA wo àwọn ọkọ̀ náà, wọ́n ní rárá. Wọ́n ní kò sí ààyè fún wọn nínú Factory Experimental. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1965, nígbà tí ìdíje ńlá Winternationals wáyé ní Pomona, California, àwọn ọkọ̀ Ford tuntun ló ṣe bẹbẹ ní ìsọ̀rí náà. Bill Lawton, tó wa Mustang fún Tasca Ford, ló gba ife-ẹ̀yẹ. Òwe wa sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Chrysler kò dákẹ́. Ẹgbẹ́ mìíràn tó ń bá NHRA dù ú, ìyẹn American Hot Rod Association, ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní àkókò kan náà. NASCAR, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò eré ìje onípápá roboto, ti kéde ní ìparí 1964 pé àwọn kò ní gba Hemi láyè mọ́ fún 1965. Inú bí Chrysler, wọ́n kó àwọn ọkọ̀ wọn kúrò nídìí eré náà. Báyìí ni ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣe bá ilẹ̀kùn títì pàdé níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, tí owó àti ọgbọ́n rẹ̀ sì ń wá ibi tí yóò gbà.

Ibi tó gbà ni match race. Ìdíje àdáni ni eléyìí. Ẹni tó ni pápá yóò pe awakọ̀ olókìkí méjì, yóò san owó fún wọn, yóò lẹ ìwé ìpolówó káàkiri, yóò sì gbé e sórí rédíò. Àwọn méjèèjì yóò sáré lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún kí a tó mọ ẹni tó jẹ. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀. Bí àwọn awakọ̀ méjèèjì bá ti fẹnu kò, ó parí. Awakọ̀ Dodge kojú awakọ̀ Ford, Plymouth kojú Comet, ará ìlú yìí kojú ará ìlú ọ̀hún. Èrò ya lọ bí omi. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1965, nígbà tí ìwé ìròyìn Super Stock ṣe ìdíje tirẹ̀ ní pápá York ní Pennsylvania, èrò pọ̀ kọjá ohun tí pápá náà lè gbà.

Nígbà tí kò ti sí ẹni tó ń dá wọn dúró, àwọn ọkọ̀ náà ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Wọ́n yọ kábúrétọ̀, wọ́n fi àwọn ọ̀pá tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì rọ́pò rẹ̀, àwọn ọ̀pá náà yọ láti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì bí fèrè. Wọ́n fi bẹntiróòlù sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo nitromethane, epo kan tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tirẹ̀ sínú, tí agbára rẹ̀ sì ju ti bẹntiróòlù lọ fíìfíì. Ọkọ̀ tó dára ní 1964 a máa gba bíi ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá láti parí ọ̀nà náà. Ní 1965, Ronnie Sox wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ abẹ́ mẹ́wàá. Kí ọdún tó lọ sílẹ̀, àwọn kan ti wọ mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìdájọ́ òdodo fún NHRA. Ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe irọ́. Kò sí ọmọ aráyé kan tó lè wọ ṣọ́ọ̀bù kí ó ra Plymouth tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Bí a bá pè é ní ọkọ̀ ilé iṣẹ́, a ti pa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe nínú gáréèjì, kò ní rí ọ̀nà bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ díje. Nítorí òun ni òfin ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹni yẹn kan náà, bí ọjọ́ match race bá pé, òun ló kọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tó fẹ́ kí wọ́n fi dáàbò bò ó yàtọ̀ sí ohun tó fẹ́ fi ojú rẹ̀ rí.

Ọjọ́ ìbànújẹ́ ní Georgia

Ìtàn yìí kò jẹ́ ẹ̀rín látòkè délẹ̀. Nígbà tí Chrysler kúrò ní NASCAR, gbajúmọ̀ awakọ̀ wọn, Richard Petty, bọ́ sídìí drag racing. Ó gbé Plymouth Barracuda kékeré kan jáde tí wọ́n ti Hemi bọ inú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí ara ọkọ̀ náà pé "Outlawed", ìyẹn ni pé òfin ti lé e jáde. Ọkọ̀ náà kò sí nínú àwọn méjìlá tí a sọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìbínú kan náà ló bí i, pápá match race kan náà ló sì ń ná.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé 1965, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Dallas ní ìpínlẹ̀ Georgia, ohun kan bàjẹ́ lára ọkọ̀ náà bí ó ṣe ń sáré. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó gun òkè ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì já sáàárín èrò. Ọmọdékùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kú, àwọn mìíràn sì fara pa.

Ní oṣù yẹn gan-an, àríyànjiyàn tó gba ẹnu àwọn ènìyàn nídìí eré náà ni àlàfo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ṣé ínṣì méjì ni àbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ṣé ọkọ̀ tòótọ́ ni àbí ti ẹ̀tàn? Àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ àti ènìyàn kò rí ìdajì àfiyèsí yẹn gbà. Ọ̀pọ̀ pápá abúlé nígbà náà, ìwọ̀nba wáyà tàbí òkìtì erùpẹ̀ ló wà láàárín èrò àti ẹ̀rọ tí ń sáré ju ọgọ́rùn-ún máìlì lọ láàárín wákàtí kan. Ọkọ̀ tí wọ́n sún ẹsẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ra a sì máa ṣòro láti darí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé bí àlàfo ẹsẹ̀ bá ṣe kúrú tó, bẹ́ẹ̀ ni orí ọkọ̀ ṣe máa ń tètè yí tó. Ẹ̀rín tí àwọn ènìyàn ń rín ìrísí rẹ̀ bo èyí mọ́lẹ̀.

Àwọn tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀

Kì í ṣe ọmọ ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló sún ẹsẹ̀ ọkọ̀. Lẹ́yìn tí General Motors yọwọ́, àwọn tó fẹ́ràn Pontiac àti Chevrolet di ọmọ òrukàn lórí pápá. Arnie Beswick, àgbẹ̀ gidi láti Illinois, tẹra mọ́ Pontiac rẹ̀ láìsí ilé iṣẹ́ tó ń gbè é lẹ́yìn. "The Farmer" ni wọ́n ń pè é, kò sì sí èrò ìwòran tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó yẹ kí àwa tí à ń ka èdè yìí mọ̀ jù lọ nínú wọn ni Malcolm Durham. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni, ìpínlẹ̀ North Carolina ni wọ́n bí i sí, agbègbè Washington D.C. ló sì fi ṣe ibùjókòó. Ó ní Chevrolet Impala Z-11 ti ọdún 1963, ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tí Chevrolet ṣe fún eré ìje kí àṣẹ ìyọwọ́ tó dé. Strip Blazer ló sọ ọ́. Nígbà tí Impala náà wúwo jù fún ìdíje, ó yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ti í bọ inú Chevelle tó fúyẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ onísísún gbòde, òun náà sún ẹsẹ̀ ti rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe fún un ní orúkọ ìnagijẹ D.C. Lip, bí wọ́n ṣe ń pe Muhammad Ali ní Louisville Lip.

Ẹ rántí ọdún tí à ń sọ. Oṣù Ẹrẹ́nà 1965 ni ọlọ́pàá na àwọn tó ń wọ́de fún ẹ̀tọ́ ìdìbò aláwọ̀ dúdú ní Selma, ìpínlẹ̀ Alabama. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọkùnrin dúdú kan tó ń gba owó láti wá dojú kọ àwọn olókìkí aláwọ̀ funfun níwájú èrò rẹpẹtẹ, tó sì ń borí wọn, kì í ṣe ohun kékeré. Kò sí ilé iṣẹ́ tó fi ọkọ̀ ta á lọ́rẹ. Ọwọ́ rẹ̀ àti làákàyè rẹ̀ ló fi dé ibẹ̀. Aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá lópin ọ̀nà kò sì mọ àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Ní 2001, nígbà tí NHRA ka àwọn awakọ̀ 50 tó ta yọ jù lọ nínú àádọ́ta ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, orúkọ Durham wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ojú ihò òfin yọ di ẹni tí àwọn tó ń ṣòfin ń fi yangàn.

Bí ọmọ ṣe jẹ bàbá run

Ìgbà ọkọ̀ tí wọ́n sún ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pẹ́. Ní 1966, ẹ̀ka Mercury ní ilé iṣẹ́ Ford gbé nǹkan tuntun jáde. Àwọn ará ilé Logghe ní Michigan bá wọn fi páìpù irin jó egungun ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá da ìrísí Mercury Comet bo egungun náà, ìrísí tó jẹ́ fiberglass lódindi, tí a lè ṣí sókè láti iwájú bí ìdérí ìkòkò. Don Nicholson wà lára àwọn tó wà á. Ní ọdún náà, kò sí ẹni tó rí i mú. Ó wọ inú ìṣẹ́jú-àáyá méje.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ìdí fún wọn láti sún ẹsẹ̀ mọ́. Nígbà tí egungun àti ara ọkọ̀ ti di nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni wọ́n tì sẹ́yìn. Táyà wá padà sí ibi tó yẹ kó wà, ojú ọkọ̀ sì tún wá dára. Àwọn Plymouth àti Dodge tí wọ́n fi ásíìdì fọ̀, tí wọ́n gé, tí wọ́n tún jó, di ohun àtijọ́ láàárín oṣù méjìdínlógún péré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n tà ní owó táṣẹ́rẹ́, tí àwọn tó rà wọ́n sì tún gé wọn sí i.

NHRA pẹ̀lú yí ohùn padà. Ní 1966 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ààyè ọ̀tọ̀ fún àwọn ọkọ̀ náà nínú ìdíje wọn. Ní 1969, Funny Car di ìsọ̀rí tirẹ̀ pátápátá. Clare Sanders ló kọ́kọ́ gbà á ní Winternationals ọdún náà, pẹ̀lú Chevrolet Nova tí í ṣe ti Jungle Jim Liberman. Pápá tó ń lé wọn lọ ní Pomona ní 1965 ló gba wọ́n pẹ̀lú àtẹ́wọ́ ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà. Orúkọ tí wọ́n fi bú wọn ni wọ́n kọ sínú ìwé òfin.

Ohun tí ìtàn náà ń sọ fún wa

Ó rọrùn láti parí ìtàn yìí sí ibi tí a ti sọ pé ọgbọ́n borí òfin, kí a sì máa yọ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. NHRA kò jẹ̀bi pé wọ́n ní ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n rò pé ohun tí àwọn bá ti lé jáde yóò kú síta. Kò kú. Ó lọ sí ibi tí òfin kò pọ̀, ó dàgbà níbẹ̀, ó lágbára, ó sì léwu ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo ìjọba tó bá ti fòfin de nǹkan kan láìrò ibi tí nǹkan náà yóò gbà yóò rí ara rẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ohun tó dára jù ni èyí tí wọ́n padà ṣe: kí wọ́n fún un ní ilé tirẹ̀, kí wọ́n sì fi ìlànà tó bá a mu yí i ká.

Ìlànà náà kò sì tíì tán títí di òní. Ní oṣù Òkúdu ọdún 2008, Scott Kalitta kú nínú Funny Car ní Englishtown, ìpínlẹ̀ New Jersey, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè dúró lópin ọ̀nà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, NHRA gé ọ̀nà náà kúrú fún àwọn ọkọ̀ tó yára jù lọ, láti 1,320 ẹsẹ̀ bàtà sí 1,000. Ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, òṣùwọ̀n tí wọ́n ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ eré náà, tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó ṣeé fọwọ́ kàn, ni wọ́n fọwọ́ kàn nítorí ẹ̀mí. Lónìí, Funny Car a máa sáré kọjá máìlì 330 láàárín wákàtí kan lórí ọ̀nà tó kúrú yẹn.

Ní 1965, ìjà lé lórí ínṣì mélòó kan lábẹ́ ọkọ̀. Ní 2008, wọ́n yọ 320 ẹsẹ̀ bàtà kúrò lójú ọ̀nà, àwọn ènìyàn sì gbà pé ó tọ́. Òfin tó ń ṣọ́ ìrísí ọkọ̀ ni ọlọ́gbọ́n sá wọ abẹ́ rẹ̀ láàárín ọdún kan. Òfin tó ń ṣọ́ ẹ̀mí ènìyàn ló ṣì dúró.